Ṣé ọ̀kan náà ni sycophant, yes-man àti hanger-on? Ẹ bá mi dá sí i

Atúmọ̀Ìròyìn (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ ìtumọ̀ ìròyìn ni mò ń ṣe ní iléeṣẹ́ rédíò kan. Gẹ̀ẹ́sì ni ìròyìn máa ń bá mi, nígbà mìíràn á sì ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré kí n wọlé lọ kà á. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olóṣèlú kan bínú sí gómìnà rẹ̀, ó ní "sycophants, yes-men and hangers-on" ló yí i ká. Mo wo ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo wo aago, mo kọ "àwọn apọ́nnilé", mo sì kà á bẹ́ẹ̀.

Kí n tó jáde ní yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, bàbá kan ti pe fóònù iléeṣẹ́. Kò pariwo, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ wúwo. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹni tó bá pọ́n ọ lé, ṣé ọ̀tá rẹ ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Mo bi olóòtú wa, ó ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, kí n ṣáà máa kọ "aṣojúṣayé". Mi ò gbà. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan náà ni, kí ló dé tí ọkùnrin yẹn fi pè é lọ́nà mẹ́ta? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dénú, kí ni ìyàtọ̀ wọn? Kí la sì ń pè wọ́n nílé wa?

TíṣàGẹ̀ẹ́sì

Ẹ kú àárọ̀, Atúmọ̀Ìròyìn. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n má wo ìwé atúmọ̀ èdè nìkan, torí ìwé náà á ní sycophant ni flatterer, á tún ní flatterer ni sycophant, ẹ ó sì máa yí po. Ẹ wo ohun tí ẹni náà ń ṣe.

Flatterer, ẹnu ló fi ń ṣiṣẹ́. Ó lè pọ́n ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó lè pọ́n omidan tó wù ú, kò pọn dandan kí ẹni tó ń pọ́n jù ú lọ. Sycophant kò rí bẹ́ẹ̀. Sycophant gbọ́dọ̀ ní ọ̀gá. Ibi tí agbára bá wà ló ń kọjú sí, bí agbára bá sì ṣí kúrò níbẹ̀, òun náà á ṣí. Yes-man ní tirẹ̀ lè má yin ọ̀gá rárá. Ó lè jẹ́ ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kò ní takò láéláé. Ọ̀gá ní kí wọ́n kọ́lé sójú àgbàrá, ó ní "bẹ́ẹ̀ ni sà". Nígbà tí àgbàrá bá gbé ilé lọ, ó tún lè ní "bẹ́ẹ̀ ni sà".

Hanger-on, ikùn ló gbé e wá. Kò fi dandan purọ́, kò fi dandan yin ẹnikẹ́ni. Ó kàn wà níbẹ̀ ni. Báwo lẹ ṣe máa kà á sí ẹlẹ́tàn?

Alágbàro

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé kì í ṣe pé à ń la irun sí ọ̀nà mẹ́rin báyìí? Ará ilé tó ń gbọ́ rédíò ò bèèrè gbogbo èyí. Ó fẹ́ mọ̀ pé wọ́n bú àwọn tó wà lọ́dọ̀ gómìnà ni. Wọ́n bú wọn, ó parí.

TíṣàGẹ̀ẹ́sì

Alágbàro, rárá o, kò tíì parí. Bí mo bá pè yín ní hanger-on, mo ní ẹ ń jẹ oúnjẹ tí ẹ ò ṣiṣẹ́ fún. Bí mo bá pè yín ní sycophant, mo ní ẹ ń ba ìlú jẹ́, ẹ ò jẹ́ kí ọ̀gá gbọ́ òótọ́. Ẹ̀sùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Akọ̀ròyìn tó bá pa wọ́n pọ̀ ti fi ẹ̀sùn tí wọn ò fi kan ènìyàn kàn án.

Akẹ́kọ̀ọ́Gíríìkì

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ibi tí sycophant ti wá. Ẹ̀ka Classics (ẹ̀kọ́ nípa Gíríìkì àti Róòmù ayé àtijọ́) ní Yunifásítì Ìbàdàn ni mo ti kàwé, ọ̀rọ̀ yìí sì wà lára èyí tí mo fẹ́ràn jù.

Sykophantes ni àwọn Gíríìkì ń pè é. Sykon ni èso ọ̀pọ̀tọ́, phainein ni kí a fi nǹkan hàn. Afọ̀pọ̀tọ́hàn, bí a bá fẹ́ sọ ọ́ lédè wa. Plutarch, òǹkọ̀wé Gíríìkì kan, gbé ìtàn kan sílẹ̀ pé òfin Áténì, ìlú Gíríìkì, láyé àtijọ́ kò gbà kí wọ́n kó ọ̀pọ̀tọ́ jáde nílùú, ẹni tó bá sì lọ tú àṣírí àwọn tó ń kó o jáde ni wọ́n sọ lórúkọ yẹn. Àwọn onímọ̀ ti jiyàn lórí ìtàn náà títí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí sykophantes ń ṣe kò ní iyàn nínú. Áténì kò ní agbẹjọ́rò ìjọba tó ń pe ọ̀daràn lẹ́jọ́ bíi tiwa. Ọmọ ìlú tó bá fẹ́ ló lè gbé ẹnì kejì lọ sílé ẹjọ́, nínú àwọn ẹjọ́ kan sì rèé, ẹni tó pe ẹjọ́ máa ń gba ìpín nínú owó ìtanràn. Bí àwọn kan ṣe sọ ọ́ di òwò nìyẹn. Wọ́n á lọ ká olówó mọ́lé, wọ́n á ní kó wá nǹkan fún àwọn kí ọ̀rọ̀ tó dé kóòtù. Ó burú débi pé ìlú ṣòfin: ẹni tó bá pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ tí kò rí ìdá kan nínú márùn-ún ìbò àwọn adájọ́, á san dírákímà 1,000, owó wọn nígbà náà.

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀rọ̀ náà wọlé ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, olófòófó ló kọ́kọ́ jẹ́. Kò pẹ́ tó fi yí sí ẹni tó ń wá ojúrere. Lójú tèmi, ìrìn náà ò jìn. Ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ àwọn yòókù lọ bá ọ̀gá, kí ló ń wá? Ẹnu tó fi ń ba tàwọn ẹlòmíràn jẹ́ náà ló fi ń yin ẹni tó jókòó sórí àga.

ỌmọÀjàṣẹ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Àjàṣẹ́ ni mo wà, ní orílẹ̀-èdè Benin, Faransé la fi kàwé. Ohun tí ẹ̀gbọ́n wí yìí là mí lójú, nítorí títí dòní, sycophante nínú ìwé Faransé, olófòófó àti abanijẹ́ ló jẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bá a pàdé nínú ìwé ìròyìn Èkó, mo rò pé amí ni wọ́n ń pe ẹni náà! Mo tilẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi kan, òun náà sì gbà.

Èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní bootlicker, àwa náà ní in gẹ́lẹ́: lèche-bottes, ẹni tó ń lá bàtà. Fún ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ dídùn pọ́nni, flagorneur ni.

Atúmọ̀Ìròyìn

Olófòófó! Mo dúpẹ́ o. Mo ti rí irú wọn níbi iṣẹ́ púpọ̀, mi ò mọ̀ pé ọ̀kan náà ni òun àti sycophant ní ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá kọ "àwọn olófòófó" fún ìròyìn wa, mo ti ṣì í lọ́nà mìíràn nìyẹn, torí kì í ṣe ohun tí olóṣèlú yẹn ní lọ́kàn. Toady ńkọ́? Mo rí i nínú ìwé ìròyìn lánàá.

Akẹ́kọ̀ọ́Gíríìkì

Ẹ kúrò ní ọ̀pọ̀tọ́, ẹ bọ́ sí ọ̀pọ̀lọ́. Toad ni ọ̀pọ̀lọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn oníṣègùn èké tó ń ná ọjà kiri máa ń ní ọmọ iṣẹ́ kan. Ọmọ iṣẹ́ yìí á jẹ ọ̀pọ̀lọ́ lójú gbogbo ènìyàn, tàbí kó ṣe bí ẹni ń jẹ ẹ́, torí ìgbàgbọ́ wọn nígbà náà ni pé májèlé wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ á wá fún un ní oògùn, á "yè", àwọn èrò á sì ra oògùn. Toad-eater ni wọ́n ń pe ọmọ iṣẹ́ náà. Láti ibẹ̀ ló ti di ẹni tó lè gbé ohunkóhun mì nítorí ọ̀gá, wọ́n sì gé e kúrú di toady.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìyàtọ̀ rẹ̀ sí sycophant. Sycophant lè wọ agbádá ńlá, ó lè jẹ́ kọmíṣọ́nnà. Toady ti ta iyì ara rẹ̀. Ìtìjú wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ṣọ́jàFẹ̀yìntì

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè. Mo lo ọdún tó pọ̀ ní bárékè, mo sì fẹ́ fi tèmi kún un.

Bootlicker àti toady súnmọ́ra, ìtìjú kan náà ni. Lickspittle tún burú jù ú lọ, itọ́ ni ìyẹn ń lá. Brown-noser jáde láti ẹnu àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1930. Mi ò ní túmọ̀ rẹ̀ síbi tí ọmọdé ti lè kà á. Ẹ ṣáà mọ̀ pé imú ẹni náà ti súnmọ́ ìdí ọ̀gá jù. Atúmọ̀Ìròyìn, ẹ má gbé e sórí rédíò láéláé, kódà bí ọlọ́lá ló sọ ọ́.

Ohun tó ká mi lára jù ni bí wọ́n ṣe ń da lackey àti henchman mọ́ àwọn wọ̀nyí. Lackey, ìránṣẹ́ ilé olówó ni, èyí tó ń wọ aṣọ tí wọ́n rán fún un. Flunky náà, bákan náà. Ẹ̀gàn tó wà níbẹ̀ ni pé kò ní ìfẹ́ inú tirẹ̀, wọ́n ń rán an bí ẹni rán ọmọdé. Kò ní kó pọ́n ẹnikẹ́ni. Henchman yàtọ̀ pátápátá, ìyẹn lè gbé cutlass. Ẹni tí ọ̀gá máa ń rán ní iṣẹ́ tí ọ̀gá ò fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni. Mo ti rí ènìyàn tó jẹ́ olóòótọ́ sí ọ̀gá rẹ̀ dé ojú ikú, tí kò yìn ín rí lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n má pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní sycophant níwájú mi.

ỌmọAláàfin

Ẹ kú àtijọ́, Bàbá Ṣọ́jà. Ní ti henchman yẹn, Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún un: abẹ́ṣinkáwọ́. Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa, ẹ ó gbọ́ ẹṣin nínú rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Gíríìkì

Ẹ̀yin ará, inú mi dùn sí èyí. Henchman náà, ẹṣin ló wà nínú rẹ̀! Hengest ni ẹṣin nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin ọ̀gá ni henchman kó tó di ohun tó dà lónìí.

Kò tán síbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní "curry favour" fún kí ènìyàn máa wá ojúrere. Curry ibí yìí kì í ṣe ti ọbẹ̀ o. Yíya irun ẹṣin ni. Favour gan-an kọ́ ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Favel ni, orúkọ ẹṣin kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìnlá, àwọn Faransé kọ ìtàn ẹṣin kan tó ń jẹ́ Fauvel, tó di ẹni ńlá, tí póòpù àti ọba àti tálákà sì ń tò lọ ya irun rẹ̀ kí wọ́n lè rí ojúrere. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹṣin yẹn, F, ìpọ́nni ló dúró fún. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò mọ Favel mọ́, wọ́n yí i sí favour.

ỌmọAláàfin

Àwa náà ní ẹṣin kẹta. Ẹni tí wọ́n bá ń pọ́n tí kò mọ̀, wọ́n ti gbé e gẹṣin aáyán. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: ẹni tí wọ́n ń pọ́n là ń wò, a ò wo ẹni tó ń pọ́n ọn. Ó rò pé òun ga.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí. Àwọn ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ wa ti sọ "praise-singer" di èébú. Gbogbo ẹni tó bá ń gbè sẹ́yìn gómìnà, praise-singer ni. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti mú un, wọ́n wá fi bú wa. Ní ààfin Ọ̀yọ́, arókin wà, akùnyùngbà wà. Iṣẹ́ arókin ni kó tọ́jú ìtàn àwọn ọba. Akùnyùngbà ń ki ọba, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oríkì kì í ṣe ìpọ́nni. Oríkì máa ń sọ pé baba ńlá rẹ jẹ gbèsè, pé ó mu ẹmu yó, pé ojú rẹ̀ ò dára tó, níwájú gbogbo ènìyàn, ẹ ó sì nawọ́ sápò. Apọ́nni wo ló tó bẹ́ẹ̀? Kí ẹni tó bá ń túmọ̀ praise-singer má lọ kọ "akígbe" tàbí "onírárà" síbẹ̀ o.

ÌyáẸlẹ́ran

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun, mò ń kọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dídùn di ẹ̀ṣẹ̀. Ọjà ni mo ń tà. Bí oníbàárà bá dé, màá ní "ẹ ò gbó rárá, ẹ ń dán". Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Ṣé flatterer lèmi náà?

TíṣàGẹ̀ẹ́sì

Rárá, Mà. Oníbàárà mọ̀ pé ẹ fẹ́ tajà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó mọ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n tàn. Ìyìn sì wà tó jẹ́ ìyìn gan-an, yinni yinni kẹ́ni ó ṣe mìíràn.

ÈròPeckham

Ẹ kú ilé o. Láti Lọ́ńdọ̀nù ni. Àwọn ọmọ mi kì í sọ sycophant. Bí ọmọ kan bá ń ṣe ojú ayé fún tíṣà, crawler ni wọ́n ń pè é, tàbí creep, tàbí teacher's pet. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní apple-polisher, ẹni tó nu áápù títí tó fi ń dán kó tó fún tíṣà. Ìkan tó yà mí lẹ́nu ni pé teacher's pet lè má ṣẹ̀ rárá, tíṣà ló yàn án láàyò. Ọmọ mi obìnrin sunkún délé lórí rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ó ní, "Mi ò bẹ̀ ẹ́ kó fẹ́ràn mi." Minion pàápàá, mignon ni lédè Faransé, ààyò ni. Ìlara àwọn tó ń wò ló bà á jẹ́.

"Eye-service" wa tí a máa ń sọ ní Nàìjíríà ńkọ́? Wọn ò mọ̀ ọ́n níbí.

TíṣàGẹ̀ẹ́sì

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti pẹ́ ni. Ó wà nínú Bíbélì King James ti 1611, Éfésù 6:6 àti Kólósè 3:22. Bíbélì Yorùbá pè é ní àrójúṣe. Ìdí nìyẹn tí olóòtú Atúmọ̀Ìròyìn fi ṣìnà. Aṣojúṣayé máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọ̀gá bá ń wò, ọ̀gá bá yí ẹ̀yìn, ó jókòó. Èyí ò kan ọ̀rọ̀ ẹnu rárá. Sycophant lè ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn lójú àti lẹ́yìn ọ̀gá.

ỌmọKọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè. Níbi iṣẹ́ wa, ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá (AI) tó ń dáhùn ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè ní sycophantic báyìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, iléeṣẹ́ OpenAI gba ẹ̀dà tuntun GPT-4o, ọ̀kan lára irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, padà torí pé ó ń yin àwọn tó ń lò ó jù. Èrò tí kò mọ́gbọ́n dání, á ní ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò ní ikùn, kò wá ipò. Ṣé sycophant ló yẹ kí wọ́n pè é?

Akẹ́kọ̀ọ́Gíríìkì

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láyé. Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí Gíríìkì, pín wọn sí méjì. Ẹni tó ń wu gbogbo ènìyàn láìní ohun tó fẹ́ gbà, areskos ni. Ẹni tó ń ṣe é nítorí owó tàbí èrè, kolax ni. Bí ẹ bá bi mí, ẹ̀rọ yẹn súnmọ́ areskos ju sycophant lọ. Kò tan ẹnikẹ́ni nítorí oúnjẹ, wọ́n kọ́ ọ kó máa wu ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n sycophant ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì yá fún un.

ỌmọKọ̀ǹpútà

Ẹ ṣeun, sà. Màá kàn máa pè é ní "ẹ̀rọ tí kì í takò wá".

Atúmọ̀Ìròyìn

Mo dé, ẹ̀yin tèmi. Olóṣèlú yẹn tún ti sọ̀rọ̀ lónìí, ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ló tún lò, èmi náà ni màá sì kà á láàárọ̀ ọ̀la. Mo lọ wo Bíbélì lẹ́yìn tí Tíṣà mẹ́nu kàn án. Orin Dáfídì 12:3 sọ̀rọ̀ nípa "ètè ìpọ́nni". Ìpọ́nni ni, kì í ṣe ìpọ́nnilé. Ìró kékeré kan báyìí, "lé", ló ya ọ̀wọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀tàn, òun ni mo sì fi kún un nígbà yẹn tí kò yẹ.

Ohun tí mo kọ rèé: "Ó ní àwọn tó ń fi ìpọ́nni wá ojúrere, àwọn tí kò mọ̀ ju 'bẹ́ẹ̀ ni sà' lọ, àti àwọn tó kàn so mọ́ ọn láti jẹun ló yí gómìnà ká."

Ṣé ó gùn jù?

ỌmọAláàfin

Kò gùn. Ẹ yọ "tó kàn so mọ́ ọn láti jẹun" kúrò, ẹ fi "àfòmọ́" síbẹ̀. Igi ni àfòmọ́ ń mu, kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ló sì bá tan. Hanger-on gan-an nìyẹn.

TíṣàGẹ̀ẹ́sì

Mo fara mọ́ ọn. Ẹ fi "ọ̀gá" kún ti àkọ́kọ́, "ojúrere ọ̀gá", kí ó lè yé wọn pé agbára ló ń lé.

Alágbàro

Mo gbà báyìí pé ó yàtọ̀. Bí mo ṣe kà á, mo rí ojú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Atúmọ̀Ìròyìn

Mo ti tún un ṣe. Nọ́ńbà bàbá tó pè mí lọ́jọ́sí wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ wa, mo pè wọ́n nírọ̀lẹ́ yìí, mo sì ka gbólóhùn náà fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n bi mí pé aago mélòó ni ìròyìn. Mo ní aago méje àárọ̀. Wọ́n ní àwọn á ti jí.